Òjò Tútù, Odò Kíkún: Bí Ìgbà Ìrúwé Ṣe Ń Darí Ẹja Trout

Ní ìparí oṣù kẹrin, lórí àwọn òkè Catskill ní ìpínlẹ̀ New York, òjò lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kó má dá títí di alẹ́ Àbámẹ́ta. Kì í ṣe òjò tó ń sán ààrá, tó ń rọ̀ tó sì ń dá. Wínníwínní ni, ó tutù, ó ń wọ egungun. Àwọn tó tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lè wá pẹja trout á dúró létí omi ní ìlú Roscoe, níbi tí odò Willowemoc ti ń dà pọ̀ mọ́ Beaverkill, wọ́n á máa wo omi tó ti pọ́n, wọ́n á máa bú ojú ọjọ́. Èmi náà ti dúró níbẹ̀ rí, mo sì ti bá wọn bú u. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé òjò tí à ń bú yìí ló ń pinnu bóyá ẹja á ṣì gbádùn nínú odò yẹn nígbà tí oòrùn oṣù kẹjọ bá mú hánhán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹja náà. Trout kì í dá ooru ara rẹ̀ ní. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí. Tí omi bá tutù tó ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, ebi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa á. Tó bá dé 10, ojú rẹ̀ là, ó ń wá nǹkan jẹ kiri. Ní nǹkan bíi 13 sí 14 ni brown trout máa ń dàgbà jù lọ. Tó bá kọjá 20, ìnira dé. Omi tútù ló ń gba oxygen mọ́ra. Lítà omi kan tó wà ní ìwọ̀n 10 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 11. Tí omi yẹn bá gbóná dé 20, kò lè gbà ju nǹkan bíi 9 lọ. Àsìkò tí omi gbóná yìí gan-an sì ni ara ẹja ń béèrè fún oxygen jù. Owó tó ń wọlé dín kù, ìnáwó ilé pọ̀ sí i.

Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú àwọn odò Catskill. Brook trout ni ọmọ onílùú. Rainbow trout wá láti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Brown trout ni àlejò láti Yúróòpù: lọ́dún 1883 ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹyin rẹ̀ láti Jámánì wá sí New York. Kó tó dé, àwọn oníṣẹ́ awọ ti gé igi hemlock orí òkè wọ̀nyí lulẹ̀ lọ bẹẹrẹ, torí èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe awọ. Oòrùn wá ń pa odò ní tààrà, omi gbóná, brook trout sì sá lọ sínú àwọn odò kéékèèké tó wà lókè lọ́hùn-ún. Brown trout fara da ooru jù ú lọ díẹ̀, òun ló wá jogún àwọn odò ńlá ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni òjò ń gbà dé odò. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà méjèèjì yìí dáadáa ti mọ ìdajì ohun tí apẹja ń wá. Ọ̀nà kìíní ni àgbàrá: omi tí ilẹ̀ ò gbà, tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, tó ń gbá ẹrẹ̀, ewé gbígbẹ àti ekòló lọ. Wákàtí díẹ̀ ló fi ń dé odò. Ọ̀nà kejì ni abẹ́ ilẹ̀: omi tó rin wọlẹ̀, tó ń yọ́ lọ láàárín òkúta àti yanrìn, tó wá ń sun jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Àgbàrá ló ń gbé odò sókè lónìí. Ìsun ló ń bọ́ odò lẹ́yìn tí àgbàrá bá ti bá tirẹ̀ lọ.

Òkè Catskill dagun, erùpẹ̀ ibẹ̀ ò jinlẹ̀, àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lóṣù kẹrin, yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ ti fún ilẹ̀ lómi mu yó. Àwọn igi ò tíì rúwé, nítorí náà kò sí ẹnu tó ń fa omi náà sókè. Tí òjò mílímítà 25 bá rọ̀ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, odò lè kún lóru ọjọ́ kan. Òjò kan náà, tó bá rọ̀ lóṣù keje nígbà tí ewé ti bo igbó tí ilẹ̀ sì ti gbẹ, lè má ṣe ju kó pa eruku lọ. Èyí ni ìdí tí àwọn tó mọ Beaverkill fi máa ń béèrè bí ilẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó béèrè bí òjò ṣe pọ̀ tó.

Ní Hampshire, ní gúúsù England, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkúta ẹfun ni odò Test àti Itchen ti ń sun. Òkúta yẹn ń mu òjò bíi kànrìnkàn, kì í sì í tètè tú u sílẹ̀. Òjò tó rọ̀ nígbà òtútù ló ń padà yọ nígbà ìrúwé àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó mọ́ gaara, ìwọ̀n 10 tàbí 11 ló sì máa ń wà tó bá ń jáde lójú ìsun, yálà yìnyín ń bọ́ tàbí oòrùn ń ràn. Apẹja ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù òjò àná. Òjò tó yẹ kó rọ̀ lóṣù kìíní tí kò rọ̀ ló máa ń bà á nínú jẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kòkòrò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù. Trout ń jẹ oríṣiríṣi nǹkan, ṣùgbọ́n nígbà ìrúwé, mayfly ni ọba oúnjẹ rẹ̀. Nǹkan bí ọdún kan ni ọmọ kòkòrò yìí ń lò lábẹ́ òkúta nísàlẹ̀ odò kó tó gòkè wá nà ìyẹ́. Kì í wo kàlẹ́ńdà. Ooru omi ló ń kà, ó ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi tó. Èyí tí gbogbo apẹja Catskill ń retí ni Hendrickson. Apẹja kan tó ń jẹ́ Roy Steenrod ló wé ìwọ̀ tó jọ ọ́ lọ́dún 1916, òwú àti ìyẹ́ àti irun lára ìwọ̀ kékeré, ó sì fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, A. E. Hendrickson, pè é. Nígbà tó yá, kòkòrò fúnra rẹ̀ wá ń jẹ́ orúkọ ìwọ̀.

Tí omi bá ń dé ìwọ̀n 10 sí 12 lọ́sàn-án fún ọjọ́ mélòó kan, Hendrickson á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Tí òjò tútù bá wá rọ̀ lóru tó fa omi wálẹ̀ sí 7, ó dáwọ́ dúró. Ó lè dúró bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó fi ọjọ́ tó jáde lọ́dún tó kọjá ṣírò ìrìn àjò rẹ̀ á bá odò tí ohunkóhun ò mira lójú rẹ̀. Nítorí náà, nǹkan tí mo kọ́kọ́ ń yọ lápò tí mo bá dé etí odò ni ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn ooru omi. Mo ti rí i pé ó ń sọ òótọ́ fún mi ju ojú sánmà lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tútù tí ìkùukùu bo, tí omi fúnra rẹ̀ ò sì tutù kọjá ààlà, èrè ńlá ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Beaverkill, tí òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, mo fi ìka gbé Hendrickson kan kúrò lójú omi. Ìyẹ́ rẹ̀ láwọ̀ eérú, ó nà án sókè bí ìgbòkun ọkọ̀. Ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èèpo inú ẹ̀pà, ó sì ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀kán òjò kan lẹ̀ mọ́ ọn ní ìyẹ́. Ó gbọn ara, ó tún gbọn ara, kò lè fò. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn ràn ni, kíá ni ìyẹ́ yẹn ì bá gbẹ, kó sì ti fò lọ sórí igi. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí ìka mi bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lójú omi ń bá ìṣàn lọ, wọn ò lè gbéra. Lábẹ́ ẹ̀ka igi kan ní òdìkejì, imú ẹja ń yọ, ó ń wọlé, ó tún ń yọ, kò kánjú rárá. Kí ló máa kánjú sí? Oúnjẹ ń wá bá a nílé. Ẹni tó bá ti rí bí èsúnsún ṣe ń tú jáde nínú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí adìẹ ń ṣa wọ́n jẹ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí ìyẹ́ wọn ti wúwo, ti mọ irú àsè tí mò ń wí.

Ìkùukùu tún ń ṣe nǹkan mìíràn. Trout ò ní ìpéǹpéjú tí ó lè pa dé mọ́ oòrùn, ó sì ń bẹ̀rù òjìji, torí inú òjìji ni ẹyẹ apẹja ti ń já lé e. Lọ́jọ́ tí oòrùn ò sí, òjìji ò sí. Ẹ̀kán òjò ń fọ́ ojú omi wẹ́wẹ́, kò jẹ́ kó rí ẹni tó dúró létí odò dáadáa. Ẹja tó ti fara pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò láti àárọ̀ á jáde sí gbangba ní ọ̀sán gangan. Kòkòrò kékeré tí wọ́n ń pè ní Blue-Winged Olive náà fẹ́ràn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tú jáde nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú títì ti tan iná mọ́tò wọn.

Tí òjò bá wá di àgbàrá, tí odò kún tó sì rú, àsè ojú omi parí. Níbo ni ẹja lọ? Kò jìnnà. Omi tó wà láàárín odò ló ń sáré jù. Èyí tó ń fara gbá òkúta nísàlẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, èyí tó wà létí bèbè náà ń lọ jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni trout máa ń sá sí, sẹ́yìn òkúta, sínú kọ̀rọ̀, sáàárín koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Mo ti rí àìmọye apẹja tó wọ omi dé itan kó lè ju ìwọ̀ sáàárín odò, tó sì fi bàtà tẹ ibi tí ẹja wà kọjá. Ẹ dúró lókè bèbè. Ẹ kọ́kọ́ pẹja níwájú ẹsẹ̀ yín. Ekòló tí àgbàrá gbá wọlé ni ẹja ń wá nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ìwọ̀ tó rí bí ekòló, tó sì wúwo débi táá fi rì, ló ń ṣiṣẹ́. Nínú omi tó rú, àwọ̀ dúdú ló hàn jù, torí trout ń wò ó láti ìsàlẹ̀ sókè, òjìji rẹ̀ ló ń rí.

Àkókò tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nígbà tí odò ń kún, ẹrẹ̀ àti pàǹtí ń gbá lọ, ẹja ń wá ibi ìsádi. Tó bá ti ń fà, tí àwọ̀ rẹ̀ kúrò ní ti ẹrẹ̀, tó wá dà bíi ti tíì, tí èèyàn ti lè rí bàtà ara rẹ̀ nínú omi tó dé orúnkún, ẹja ti fara balẹ̀, ebi ń pa á, omi ò sì tíì tòrò tó láti fi apẹja hàn. Ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀rọ kan ní Cooks Falls tó ń wọn omi Beaverkill tọ̀sán-tòru, èèyàn sì lè wo ìlà rẹ̀ lórí fóònù. Ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ máa wá.

Àwọn odò tó wà nísàlẹ̀ ìsédò ní òfin tiwọn. West Branch tí í ṣe apá odò Delaware ń gba omi tútù láti ìsàlẹ̀ adágún Cannonsville, tó ń pèsè omi fún ìlú New York. Tí òjò ìgbà ìrúwé bá kún adágún náà dé ẹnu, omi á máa ṣàn kọjá lórí ìsédò, omi orí yẹn sì máa ń gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Òjò yìí lè pa ẹja o, kí n má tàn yín. Ìgbà ìwọ́wé ni brown trout àti brook trout ń yé ẹyin sínú òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò. Ìgbà ìrúwé ni àwọn ọmọ ń jáde, wọn ò sì tíì lágbára àtilúwẹ̀ẹ́. Tí àkúnya ńlá bá bá wọn lọ́sẹ̀ yẹn, ó lè gbá ọ̀pọ̀ wọn lọ, àìsí wọn á sì hàn lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta. Àkúnya lè pa èèyàn náà. Omi ìwọ̀n 7 máa ń gba okun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ di bẹ́líìtì mọ́ ṣòkòtò rọ́bà yín ní ìbàdí kí omi má baà kún un, ẹ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ dání, ẹ má sì sọdá odò tó ṣì ń kún, torí ó lè má ṣeé sọdá padà. Tí ààrá bá sán, ẹ gbé ọ̀pá ìwọ̀ sílẹ̀, torí graphite tí wọ́n fi ń ṣe é ń gbé iná mànàmáná.

Ìyókù òjò náà, èyí tí kò bá àgbàrá lọ, ṣì wà lábẹ́ òkè. Tí oṣù kẹjọ bá dé tí odò gbẹ wálẹ̀, ẹ rìn lọ létí rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ máa fi ọwọ́ tọ́ omi wò. Lójijì, níbì kan lábẹ́ gbòǹgbò igi, ọwọ́ yín á tutù. Ìsun kan ń jáde níbẹ̀, ó lè má tóbi ju ẹnu garawa lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ẹja mẹ́wàá, méjìlá, á tò sún mọ́ ara wọn, gbogbo wọn kọjú sí ibi tí omi tútù ti ń wá, wọ́n ń mí. Òjò oṣù kẹrin ni wọ́n ń mí sínú rẹ̀ yẹn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má ju ìwọ̀ síbẹ̀.