Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ra fóòmù n'Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ má wo gíga nìkan o!

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló fẹ́ẹ́ ra ògo nígbà tí owó ilé, owó iléèwé àti owó mọ́tò ti gba gbogbo ọwọ́ èèyàn? Fóòmù tó pọ́ọ́kú là ń wá, kò sì sí ìtìjú ńbẹ̀. Ohun tó burú ni kéèyàn ra èyí tó pọ́ọ́kú lónìí, kó tún padà wá ra òmíràn kí ọdún tó yí po.

Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Láti ọdún 1999 tí yunifásítì tó ń jẹ́ Adekunle Ajasin lónìí ti kó wá sí Àkùngbá, tó wà láàárin ìlú méjèèjì, kò sí sáà tí àwọn ọmọ tuntun kì í gba yàrá kiri. Garawa, sítóòfù àti fóòmù wà lára ohun tí òbí kọ́kọ́ ń rà. Nídìí fóòmù gan-an ló sì ti rọrùn láti rẹ́ èèyàn jẹ.

Kí ló fà á? Ojú ò rí inú fóòmù ni. Polyurethane ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun tí Otto Bayer àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣàwárí ní Jámánì lọ́dún 1937. Wọ́n á po kẹ́míkà pọ̀, á hó, á sì wú bíi búrẹ́dì. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ jèrè àjẹjù, afẹ́fẹ́ náà ló máa fi kún un. Fóòmù á ga gègèrè, ẹ ó rò pé ẹ ti jèrè ọjà. Kó tó pẹ́, àárín ẹ̀ á ti jìn bíi kòtò, ẹ̀yìn á sì máa ro ọmọ.

Nítorí náà, ẹ má kàn bèèrè pé "Íńṣì mélòó ni?" Ẹ bèèrè pé "Dẹ́ńsítì ẹ̀ ńkọ́?" Ìyẹn ni iye kílò tí fóòmù tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1 máa wọ̀n. Bí òǹtàjà ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Ẹ mú fóòmù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó ga ní íńṣì 6. Tó bá jẹ́ dẹ́ńsítì 16, kílò 5 àti díẹ̀ ló máa wọ̀n láìka aṣọ ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ dẹ́ńsítì 24, á lé ní kílò 8. Gíga kan náà, ìbú kan náà, àmọ́ wọn kì í ṣẹgbẹ́ ara wọn.

Ẹ ṣọ́ra o, àwọn gbájúẹ̀ mọ ìyẹn náà. Àwọn kan máa ń po ẹfun mọ́ ọn kó lè wúwo. Ẹ tú síìpù, kẹ́ ẹ fọwọ́ ra inú ẹ̀. Tí lẹ́búlẹ́bú bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá odidi ni àbí àjákù tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbọ́wọ́ kúrò: èyí tó dáa á tètè fò sókè padà. Ẹ tún wá àmì MANCAP ti àjọ SON lára ẹ̀.

Tówó ò bá tó ńkọ́? Ẹ má dín dẹ́ńsítì kù, gíga àti ìbú ni kẹ́ ẹ dín. Kí ni ọmọ kan ṣoṣo fẹ́ẹ́ fi fóòmù ẹlẹ́sẹ̀ 6 sí 6 ṣe? Íńṣì 6 tó lágbára sàn ju íńṣì 10 tó kún fún afẹ́fẹ́ lọ.

Tẹ́ ẹ bá rà á délé tán, ẹ má tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì lásán. Nígbà òjò, pàápàá ní Ọ̀kà tí òkè yí ká, ilẹ̀ á tutù, òógùn ara náà á wọ inú fóòmù, abẹ́ ẹ̀ á bu, á sì máa rùn. Ẹ wá pákó díẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé e dúró kó gbatẹ́gùn, kẹ́ ẹ sì yí ibi orí sí ibi ẹsẹ̀.

Ọmọ tí ò bá rí oorun sùn lálẹ́, kí ló fẹ́ẹ́ gbọ́ ní kíláàsì láàárọ̀? Ẹ náwó yín, àmọ́ ẹ má fi ra afẹ́fẹ́.