Ìyẹ́ Lámilámi Nínú Ìwé Àtijọ́

Lámilámi kì í pẹ́ níbì kan. Ó bà sórí koríko létí odò. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ń dán bí omi tí oòrùn ń tàn sí. Báwo ni ayàwòrán yóò ṣe yà á?

Joris Hoefnagel gbìyànjú rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn. Ìlú Anvers, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù òde òní, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1542. Ọmọ oníṣòwò ni. Ní ọdún 1576, àwọn ọmọ ogun Sípéènì tí wọn kò rí owó iṣẹ́ wọn gbà ya wọ ìlú náà. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ẹrù. Hoefnagel kúrò níbẹ̀, ó sì di ayàwòrán ààfin ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ gbà pé kòkòrò kò ní ìyá, kò ní bàbá, pé inú ẹran rírà àti ẹrẹ̀ ni ó ti ń jáde. Ẹ̀gbẹ́ ìwé àdúrà ni àwọn ayàwòrán ń fi eṣinṣin àti labalábá sí, láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Hoefnagel fún wọn ní odindi ojú ìwé.

Ìwé mẹ́rin ni ó ṣe: ti iná, ti ilẹ̀, ti omi, ti afẹ́fẹ́. Inú ìwé iná ni ó kó àwọn kòkòrò sí. (Èmi ì bá kó wọn sínú ti afẹ́fẹ́.) Orí awọ ẹran tí a fá mọ́ ni ó ti yà wọ́n. Ẹ̀rọ mikirosikóòpù, tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú ẹni, kò tíì dé. Síbẹ̀, a lè ka ẹsẹ̀ kòkòrò kọ̀ọ̀kan. Ó ya òjìji sábẹ́ wọn, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bà síbẹ̀ ni.

Nígbà tí ó kan lámilámi, ó ya ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ya ìyẹ́ náà. Ìyẹ́ lámilámi gidi ni ó mú, tí ó lẹ̀ mọ́ ojú ìwé. Àwọn kan lè pe èyí ní ọ̀lẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó gbójú lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun gidi, kí gbogbo ènìyàn fi wọ́n wé ara wọn.

Ìwé náà wà ní Washington, ní Amẹ́ríkà, lónìí. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó rí i láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1592, ọmọ rẹ̀, Jacob, tí kò tíì pé 20 ọdún, tẹ àwòrán bàbá rẹ̀ jáde sórí bébà ní Frankfurt. Àwọn ayàwòrán mìíràn sì fi í kọ́ bí a ti ń ya kòkòrò. Kò sí ìyẹ́ gidi nínú ti Jacob. Ìlà yíǹkì ni gbogbo rẹ̀.