Láti Yábà dé Àkókà

Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu géètì Yabatech, pólì tó wà ní Yábà ní Èkó, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohun tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ibi tó ń lọ fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sáré kọjá, ó fi rúlà gígùn tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé há abíyá. Ọmọbìnrin méjì wọ kóòtù funfun, wọ́n jọ gbé kúlà oúnjẹ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Àwọn ti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà kò ṣòro mọ̀, ọ̀dà ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò wọn. Ẹ̀ka yẹn ni Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tí àwòrán aláwọ̀ búlúù rẹ̀ lókìkí káàkiri, darí fún ohun tó lé ní ọdún 25.

Mo tẹ̀lé ariwo irin títí mo fi dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ mélòó kan yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin ká. Ọ̀kan nínú wọn ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, irin sì ń bó lára ọ̀pá náà wínníwínní. Olùkọ́ wọn ní kí ó dá a dúró. Ó wọn ọ̀pá náà, ó fi han olúkúlùkù, ó ní ó ti gbóná jù: irin tó gbóná á wú, bó bá tutù tán á sún kì, ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ kò sì ní bá a mu mọ́.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀,” ọmọ kan sọ fún mi. “Irin yìí máa ń ta sí èèyàn lójú.”

Mo sún sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ nípa ooru ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn, ẹ̀kọ́ tí kò ṣeé há sórí, nítorí irin fúnra rẹ̀ ló ń máàkì rẹ̀. Iṣẹ́ pólì nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ á lo ọdún méjì gba ìwé ẹ̀rí ND, á jáde lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ní ilé iṣẹ́ tàbí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kó tó padà wá lo ọdún méjì mìíràn fún HND, ìwé ẹ̀rí tó ga jù ú lọ. Ọdún márùn-ún nìyẹn lápapọ̀. Ọdún márùn-ún náà ni ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ń lò.

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé wọ̀nyí lé ní ìtàn tó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń gba géètì yẹn wọlé mọ̀. Ní 1932 ni ìjọba òyìnbó dá Yaba Higher College sílẹ̀, ní 1934 ni wọ́n sì ṣí i ní gbangba. Wọ́n ń kọ́ni ní ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọlé gbọ́n gan-an, ẹ̀kọ́ náà sì le. Ṣùgbọ́n dípò dígírì, dìpúlómà tí ó lórúkọ ní Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ń fún wọn. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìṣègùn á jáde, á sì di igbákejì fún dókítà òyìnbó. Èyí bí àwọn ọmọ Èkó nínú. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya wà lára àwọn tó tìtorí rẹ̀ dá Lagos Youth Movement sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó padà di Nigerian Youth Movement. Ara gbòǹgbò ìṣèlú òmìnira wa nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní 1948, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yábà lọ sí Ìbàdàn láti bẹ̀rẹ̀ University College, níbi tí wọ́n ti ń gba dígírì Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ di ti Yaba Technical Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, òun ló di Yabatech. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ọ̀kan bá dígírì lọ, èkejì dúró sílé ti irinṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ìwé ẹ̀rí ya yunifásítì àti pólì sọ́tọ̀, ọwọ́ ara wa la sì fi ń ṣe é báyìí. NUC ló ń ṣàkóso yunifásítì; láti 1977 ni NBTE ti wà fún pólì. Nínú iṣẹ́ ọba, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ní HND kì í kọjá ìpele 14, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Ní 2023, JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé, fi máàkì 140 ṣe òpin ìsàlẹ̀ fún yunifásítì, ó fi 100 ṣe ti pólì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó bá gbọ́ ìyẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé fún un irú èèyàn tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ rò pé ó ń lọ sí pólì. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Mo jáde, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Tẹ̀júọ́ṣọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ UNILAG, Yunifásítì Èkó tó wà ní Àkókà. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ti gba ND nínú ìmọ̀ oúnjẹ. Fọ́ọ̀mù Direct Entry ló fẹ́ lọ béèrè, kó lè wọlé sí ọdún kejì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi dúró gba HND. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá mi ló ní dígírì ni àwọn èèyàn ń béèrè, sà.” Ó bọ́ sílẹ̀ ní Abúlé Ọjà láti lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àkókà tutù ju Yábà lọ. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ wọlé láàárín igi. Ní 1962 tí yunifásítì yìí bẹ̀rẹ̀, Eni Njoku ni gíwá àkọ́kọ́, òun náà sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Yaba Higher College kó tó lọ sí Manchester. Ìbéèrè ni wọ́n ń tọpa níbí. Nínú kíláàsì tí mo yọjú sí, wọ́n ti fi ìṣirò kún pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí bí ooru ṣe ń rìn nínú irin. Ohun tí mo rí láàárọ̀ ni, láìsí irin. Ó yẹ kí irú ibi báyìí wà, níbi tí èèyàn ti lè fi ọdún pípẹ́ lépa ìdí ohun kan.

Ṣùgbọ́n nínú yàrá ẹ̀rọ àwọn yunifásítì wa, ta ló ń tan ẹ̀rọ, tó ń tún un ṣe, tó ń fi han akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹkinọ́lọ́jíìsì yẹn, HND ni wọ́n ní. Àwọn ọmọ yunifásítì náà ń lọ fún oṣù mẹ́fà SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ti wà láti 1973, ẹni tó ní HND ló sì sábà máa ń gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀ ní ilé iṣẹ́.

Àwọn ìlú kan ti yàn láti pa orúkọ pólì rẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ tiwọn di yunifásítì ní 1992. Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn di yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2016. Ìjọba Èkó ṣe bẹ́ẹ̀ fún LASPOTECH, pólì tiwọn, ní 2022. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ lè di owó bọ́ọ̀dù tuntun, kí àwọn ọmọ tó ń gbẹ́ irin sì di ọmọ tó ń da nǹkan kọ nìkan. Owó oṣù àti ìpele iṣẹ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe.

Nígbà tí mo ń jáde ní UNILAG, mo bá ọkùnrin kan pàdé, yóò tó ẹni ogójì ọdún, káàdì ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. HND ló ní. Kíláàsì PGD ló ń bọ̀ wá ṣe, ọ̀nà tí ẹni tó ní HND ń gbà kó tó lè ṣe másítà. Ó ní òun lòun ń ya àwòrán ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ wọn, ọmọ tí òun kọ́ níṣẹ́ nígbà tó wá ṣe SIWES ló sì ń fọwọ́ sí i báyìí, torí COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ bí ẹnjiníà, wọ́n kọ ti òun bí tẹkinọ́lọ́jíìsì.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó sọ fún mi, “àwòrán náà kò ní yàtọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá parí. Ṣùgbọ́n èmi náà á lè fọwọ́ sí i.”