Ọmọ Àgbàtọ́ àti Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Lẹ́yìn ìsìn ni àwọn ènìyàn máa ń fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti bèèrè bí a ti í gba ọmọ tọ́ ní ìlànà òfin, àti bí a ti í bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àkókò tí oúnjẹ wọ́n yìí. Ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ju kí n máa sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Akówọnjọ ni a ń gbé, láàárín Dópẹ̀mú àti Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí ó jẹ́ ilẹ̀ oko kí ilé tó kún un. Létí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, orúkọ náà dún bí ẹni pé kí a kó wọn jọ. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i láti ìgbà tí ọmọbìnrin wa ti dé.

Gbígba ọmọ tọ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Bí ìyá bá kú, àbúrò rẹ̀ tàbí ìyá àgbà a gbé ọmọ náà. Ní Ìbàdàn, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, tí wọ́n dé ibẹ̀ ní ọdún 1853, tọ́ àwọn ọmọ ìlú nínú ilé wọn ní Kúdẹtì. Ṣùgbọ́n nínú àṣà àtijọ́, ọmọ náà ṣì jẹ́ ti ẹni tí ó bí i. Ti òfin yàtọ̀: ó sọ ọmọ di ti ẹni tí ó gbà á, bí ẹni pé inú ilé rẹ̀ ni a bí i sí.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2003. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Gẹ́gẹ́ bí òfin ti 2003, ọkọ àti aya tí ó fẹ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25, kí wọ́n sì fi ọdún 21, ó kéré tán, ju ọmọ náà lọ. Wọn ó fi èrò wọn tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn ọmọdé létí ní oṣù 12 ṣáájú; ọmọ yóò sì ti gbé ọ̀dọ̀ wọn fún oṣù 3 láìjáwọ́, kí ilé ẹjọ́ tó fi àṣẹ sí i. Ó gùn, ó sì ń tánni ní sùúrù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun gbé ìkókó fún yín ní òru, ọmọ ni ó ń tà, ẹ̀yin tí ẹ rà á pẹ̀lú sì di arúfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò fọwọ́ sí ìṣe àwọn obìnrin tí ń di aṣọ mọ́ ikùn kí ará àdúgbò lè rò pé wọ́n lóyún: irọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ náà mu, kí ó tó mu wàrà.

Ọmọ wa pé ọdún 4 nígbà tí ó dé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a rí ẹ̀kọ gbígbẹ àti ẹ̀wà tí ó ti bà jẹ́ lábẹ́ ẹní rẹ̀. Èmi tí mo ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ní ìwé pè é ní olè, mo sì bá a wí gidigidi. Ìyàwó mi ni ó là mí lójú: ọmọ tí ebi ti pa rí kò gbàgbọ́ pé oúnjẹ ọ̀la yóò wà. Ó gbé agbọ̀n kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì sínú rẹ̀, ó ní kí ó mú nígbàkúùgbà. Kò pé oṣù 4 kí fífi oúnjẹ pamọ́ tó dópin.

Ọgbà ràn wá lọ́wọ́ nínú èyí, nítorí ọmọ tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ̀fọ́ tún ń rú lẹ́yìn tí a gé e, ó rọrùn fún un láti gbà pé oúnjẹ kò ní tán. Ẹ̀yìnkùlé wa kò ju yàrá méjì lọ, òkúta àwọn bíríkìlà ni ó sì kún inú ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà inú àpò ìrẹsì ni a ń gbin nǹkan sí. A po ilẹ̀ dúdú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà. Ẹ má lo tútù, yóò jó gbòǹgbò: ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, ẹ bò ó, kí ẹ máa yí i padà fún bí oṣù 2. Irúgbìn ewédú a máa sùn nínú ilẹ̀. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ tì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ sì fi omi tútù tù ú, yóò hù dáadáa. Tẹ̀tẹ̀ tó gé ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Àwọn ewé wọ̀nyí wúlò fún ojú àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ, pàápàá bí a bá fi epo pupa díẹ̀ sè wọ́n, tí a kò sì sè wọ́n jù.

Adìyẹ ìbílẹ̀ 6 àti àkùkọ 1 ni a ń sìn. Àrùn tí í pa adìyẹ rẹpẹtẹ nígbà ọyẹ́ kò ní oògùn, ṣùgbọ́n àjẹsára rẹ̀ wà. Ilé ìwádìí àrùn ẹran tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Vom, ní ẹ̀bá Jos, ní ọdún 1924 ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a kán an sí wọn lójú kí ọyẹ́ tó dé. Kí ọmọ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nígbà tí ó bá ti ọ̀dọ̀ adìyẹ dé.

Ọ̀kan nínú wọn dẹ́kun yíyé. Mo sọ nídìí oúnjẹ pé èyí tí kò yé ẹyin, kí ni a ń bọ́ ọ fún, kí a pa á fún Kérésìmesì. Ọmọ náà, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti fi ife bu omi sí ẹ̀fọ́ ní àràárọ̀, kò jẹun mọ́. Ní òru ó lọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó mi, ó ní, "Màmá, bí mi ò bá bu omi sí ẹ̀fọ́ mọ́, ṣé ẹ ó dá mi padà?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ní òwúrọ̀ mo gbé e sí orí itan mi, mo mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ jáde, mo kà á fún un, mo sì fi hàn án pé kò sí ọjọ́ tí yóò parí nínú rẹ̀. Mo sọ fún un, ní ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè gbọ́, pé obìnrin mìíràn ni ó bí i, àwa ni a sì wá a títí a fi rí i. Ẹ má dúró dé ìgbà tí ọmọ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀tá. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá wù ni ó ń bu omi sí ẹ̀fọ́. Òun náà ni ó ṣì ń wù jùlọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tilẹ̀ sọ pé ọmọ náà kò ní ní ìpín nínú ilẹ̀ wa. Lójú òfin, ó ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí èmi àti ìyàwó mi bá fi sílẹ̀, bí ọmọ tí a bí. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹbí ti í rí lẹ́yìn ìsìnkú; mo ti kọ ìwé ìpíngún, ẹlẹ́rìí 2 sì ti fọwọ́ sí i.

Ní ti adìyẹ náà, àìmọ̀kan mi ni: ó ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni, adìyẹ tí ó bá sì ń pààrọ̀ ìyẹ́ kì í yé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ti tún yé, ó sì ń sàba lórí ẹyin 9 nísinsìnyí. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ fi ń pa. Ọmọ wa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lára ìwé oṣù tí a so mọ́ ògiri. Ó ku ọjọ́ 6.