Ìsọ̀ ẹlẹ́mu

Ìsọ̀ ẹlẹ́mu jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹmu, tí àwọn oníbàárà ti ń jókòó mu ún, tí wọ́n ti ń jẹun, tí àwọn olórin sì ti ń kọrin fún wọn lójúkorojú. A máa ń rí i ní ìlú àti ìletò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní ibi tí igbó ọ̀pẹ tàbí àbàtà ògùrọ̀ kò bá jìnnà sí. Àwọn mìíràn ń pè é ní búkà ẹlẹ́mu. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá, tí wọ́n ń pe ẹmu ní pámì, a máa pè é ní jọ́ìntì pámì.

Ohun tó ya ìsọ̀ ẹlẹ́mu sọ́tọ̀ sí ilé ọtí mìíràn ni pé ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ó bá ti ń kán sínú akèrègbè lórí igi ni ó ti ń yí padà. Ní ilẹ̀ Faransé, Ítálì tàbí Gúúsù Áfíríkà, wáìnì èso àjàrà lè wà nínú ìgò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń gba àlejò sí oko wọn, wọn a gbé oúnjẹ tó bá wáìnì kọ̀ọ̀kan mu kalẹ̀, wọn a sì pe olórin. Irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìsọ̀ ẹlẹ́mu, àmọ́ wákàtí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ẹmu, kì í ṣe ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní dídùn rẹ̀ ní láti lọ bá a níbi tó wà. Ìjókòó tí èyí fà wà lára ohun tó bí orin ẹlẹ́mu, èyí tí orin jùjú ti jáde.

Bí wọ́n ṣe ń dá ẹmu

Igi méjì ni ẹmu ilẹ̀ Yorùbá ti ń wá jù. Àkọ́kọ́ ni ọ̀pẹ (Elaeis guineensis), igi tí a ti ń rí epo pupa. Èkejì ni igi ògùrọ̀ (Raphia hookeri), tó ń hù ní àbàtà àti etí odò. Ògùrọ̀ náà ni a ń pe ẹmu rẹ̀. Adẹ́mu máa ń fi igbà gun ọ̀pẹ dé orí, yóò gé ojú ìtànná akọ rẹ̀, yóò sì gbé akèrègbè tàbí kẹ́ẹ̀gì sí abẹ́ ojú náà kí omi igi lè máa kán sí i. Ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ń padà lọ gbé ẹmu sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì ń tún ojú ibẹ̀ gé kí ó má baà dí.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín igi méjèèjì. Ọ̀pẹ tí wọ́n bá dá ẹmu lórí rẹ̀ ní ìdúró lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Igi ògùrọ̀ kì í tanná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀. Ibi ìtànná yìí ni wọ́n ti ń dá a, nígbà tí ó bá sì parí, igi náà yóò kú. Ìdí nìyí tí àbàtà ògùrọ̀ fi nílò kí àwọn igi kéékèèké máa dàgbà tẹ̀lé àwọn àgbà.

Bí ẹmu ṣe ń yí padà

Omi tó ń jáde láti ara ọ̀pẹ kún fún ṣúgà, kò sì ní agbára ọtí kankan. Ìwúkàrà àti àwọn bakitéríà tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára igi àti nínú akèrègbè ni wọ́n ń sọ ṣúgà náà di ọtí. Iṣẹ́ wọn ló ń mú kí ẹmu máa hó, kí ó sì máa ru ìfófòó funfun. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan, agbára ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi ti bíà. Lẹ́yìn èyí, àwọn bakitéríà mìíràn yóò gba iṣẹ́ náà, wọn yóò sọ ọtí di omi kíkan. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọtí kíkan tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ni yóò dà.

Ìṣòro ẹlẹ́mu kò ju èyí lọ: ohun tí kò bá tà lónìí kò níye lórí lọ́la. Àwọn kan tí ẹmu wọn ti kan, tàbí tí wọ́n ti bomi là á, máa ń da ṣúgà tàbí sakarín sí i kí ó lè padà dùn. Èyí ló jẹ́ kí ìfọkàntán láàárín oníbàárà àti ẹlẹ́mu ṣe pàtàkì, tí àwọn tó mọ ẹmu fi fẹ́ràn láti mu ún ní tòsí igi rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí ti wá ọ̀nà láti dá ìyípadà yìí dúró. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti Nàìjíríà (NIFOR), tó wà ní ẹ̀bá ìlú Benin, ń ta ẹmu inú ìgò. Wọ́n máa ń fi ooru pa àwọn ohun abẹ̀mí inú ẹmu kí ó lè pẹ́. Irú ẹmu bẹ́ẹ̀ kì í hó mọ́ bíi ti orí igi, adùn rẹ̀ a sì yàtọ̀.

Oúnjẹ tó ń bá ẹmu rìn

Oúnjẹ tó bá ẹmu mu lè yàtọ̀ láti wákàtí kan sí òmíràn. Ẹmu òwúrọ̀ ṣì dùn, ó sì fúyẹ́. Isu sísun, àkàrà àti ẹ̀pà bá a lọ. Adùn rẹ̀ máa ń rọ ata lójú, nítorí náà ó yẹ oúnjẹ tí ata rẹ̀ bá pọ̀.

Ọ̀kan lára irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìlú Ọ̀fàdà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Mowé àti Ìbàfò wà. Wọn kì í bó o tán bíi ìrẹsì òkè òkun, ó sì ní òórùn tirẹ̀. Inú ewé eéran ni wọ́n ń bù ú sí, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí irú wà nínú rẹ̀.

Ẹmu ìrọ̀lẹ́ ti le, ó sì ti ń kan. Àsun, ẹran ìgbẹ́ àti ẹja sísun ni ọ̀pọ̀ ń jẹ sí i, nítorí kíkan rẹ̀ máa ń gé ọ̀rá bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń ṣe. Àmọ́ bí agbára ọtí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ata ṣe ń jóni lẹ́nu sí i, èyí tó fi jẹ́ pé àsun alátá pẹ̀lú ẹmu àná kì í ṣe fún gbogbo ẹnu.

Orin ẹlẹ́mu àti ìbẹ̀rẹ̀ jùjú

Orin ẹlẹ́mu bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìlú etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó tan ọ̀nà ìta gìtá kan kálẹ̀, nínú èyí tí àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ń dá orin méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Gánà, Kumasi Trio gba orin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1928. Ní Sàró, Ebenezer Calender ni ìlú mọ̀ mọ́ irú orin yìí, S. E. Rogie sì gbé e dé Yúróòpù lẹ́yìn náà.

Ní Èkó, àdúgbò Olówógbowó, níbi tí àwọn ọmọ Sàró pọ̀ sí, ni Túndé King, tí wọ́n bí ní ọdún 1910, ti di ìlú-mọ̀ọ́ká. Gìtá-bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù wà lára ohun èlò àkókò náà. Àwọn àwo orin tó ṣe ní àárín àwọn ọdún 1930 wà lára èyí tí a kọ́kọ́ fi orúkọ jùjú pè.

Ìsọ̀ ẹlẹ́mu fi àmì sí ara orin yìí. Ibi tó kéré ni, kò sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè, àwọn ènìyàn sì fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Nítorí náà ohun èlò kò ju ohun tí ọwọ́ lè gbé lọ: gìtá kan, agídìgbo, sámbà, ìgò tí a ń fi ìṣó lù. Ohùn olórin kò ga, ó sún mọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Oníbàárà tí inú rẹ̀ bá dùn a lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, olórin náà a sì kì í.

Nígbà tí Àyìndé Bàkárè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní ọdún 1949, jùjú bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní orin ìjókòó. I. K. Dáìró fi akọ́díọ̀nù kún un, ó sì gba oyè MBE lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1963. Fatai Rolling Dollar (1927–2013), ọ̀gá agídìgbo, ni ó kọ́ Ebenezer Obey níṣẹ́ kí Obey tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1964.

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìjókòó ẹmu tiwọn. Ẹgbẹ́ Kégáìtì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Ẹmu, ìlù àti orin àjùmọ̀kọ ni ìpàdé wọn. Ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní ọdún 1952, sọ ìtàn ọ̀mu kan tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní ọdún 1963.

Ewu àti àríwísí

Ìtàn ìṣẹ̀dá Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣe ìkìlọ̀ nípa ẹmu: ẹmu ló pa Ọbàtálá tí ó fi sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé ṣe. Títí di òní, ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsin Ọbàtálá. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni náà kọ̀ ọ́.

Ìjà ọtí ti gba ẹ̀mí olórin rí. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá olórin àpàlà, kú lẹ́yìn tí wọ́n fi ife bíà lù ú lórí ní ilé ọtí kan ní Abẹ́òkúta. Ewu mìíràn wà nínú ògógóró, ọtí líle tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀.

Ní agbègbè Ìfọ̀

Ìfọ̀ wà láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Láti ibẹ̀ ni ojú irin kan ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdogò, ìlú tí wọ́n bí Ebenezer Obey sí ní ọdún 1942. Agbègbè yìí sún mọ́ Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹmu òwúrọ̀ lè dé ọjà Èkó kí ó tó kan. Bákan náà ni Mowé àti Ìbàfò, tí wọ́n wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àmọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ níbẹ̀ lè jẹ wákàtí tí ẹmu fi ń dùn tán.

Ìsúnmọ́ Èkó yìí kan náà ni ó ń lé ọ̀pẹ lọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń ra ilẹ̀ kọ́lé sí Ìfọ̀, Mowé àti Ìbàfò, igbó ọ̀pẹ sì ń di àdúgbò. Bíà kò nílò igi nítòsí: láti ìgbà tí ìgò bíà Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Èkó ní ọdún 1949, ilé ọtí lè wà níbikíbi tí ọkọ̀ bá lè dé. Ìsọ̀ ẹlẹ́mu kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gé ọ̀pẹ tó yí i ká, ẹmu rẹ̀ yóò máa ti ọ̀nà jíjìn wá, yóò sì ti kan kí ó tó dé.

Orúkọ orin náà ṣì wà. Láti ọdún 2017 ni ẹgbẹ́ olórin Show Dem Camp ní Èkó ti ń gbé àwo orin tí wọ́n pè ní Palmwine Music jáde, tí wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún orin tó jẹ mọ́ ọn. Ohùn gìtá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ti ìsọ̀ ẹlẹ́mu ni wọ́n fà yọ, àmọ́ gbọ̀ngàn ńlá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni àwọn òǹgbọ́ wọn ti ń pàdé rẹ̀.