Ibi Ìsinmi Àgbàlagbà Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Ìgbafẹ́

Nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tí ó ń ná àwọn erékùṣù Kàríbíánì, ariwo orin àti ti àwọn ọmọdé kì í sábà dákẹ́ létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ìdí sì nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi ya ibi ìsinmi kan sọ́tọ̀ fún àgbàlagbà. Ọ̀fẹ́ ni Serenity ti Carnival, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ní Solarium ti Royal Caribbean, tí gíláàsì sábà máa ń bò lórí, ọmọ ọdún 16 ti tó.

Gíláàsì ń dá afẹ́fẹ́ àti òjò dúró, àmọ́ kò lé oòrùn lọ, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ó ń wá ibòòji gidi mọ ibi tí ọkọ̀ kọjú sí: bí ó bá ń lọ sí gúúsù ní òwúrọ̀, apá òsì ni oòrùn yóò wà, ibòòji yóò sì wà lápá ọ̀tún. Ibi tí ó tura jù, tí ọ̀pọ̀ èrò kì í kíyè sí, ni ọ̀nà ìrìn tí ó wà lábẹ́ àwọn ọkọ̀ kékeré tí a fi ń gba ẹ̀mí là nígbà ewu, nítorí pé àwọn ọkọ̀ náà ń ṣíji bò ó látòkè. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí èbúté, tí èrò sì sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìlú, àyè máa ń pọ̀ ní Serenity pàápàá.