Ènìyàn Ni Ilé Olùkọ́ Ijó

Nínú àwọn iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ ni ó gba ènìyàn púpọ̀ bí iṣẹ́ ijó. Alágbẹ̀dẹ lè jókòó ti ẹwìrì rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá jó kí ijó náà pé. Onílù gbọ́dọ̀ wà, olórin gbọ́dọ̀ wà, aránṣọ gbọ́dọ̀ ti rán aṣọ, ẹni tí yóò wòran gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí yóò sanwó kò sì gbọ́dọ̀ ṣàìwà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ oníjó bá rí báyìí, ti ẹni tí ó fi kíkọ́ni ní ijó ṣe iṣẹ́ òòjọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí kò bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ilé-ìwé kankan kò sì ń fún un ní owó oṣù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó pè ní olùkọ́ ijó aládàáni. Báwo ni ó ṣe ń rí iṣẹ́? Kí ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kí sì ni ó kan àwọn olùkọ́ ilé-ìwé nínú ọ̀rọ̀ náà?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Ìjù ṣe àpẹẹrẹ. Ìjù wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ àti Adó-Èkìtì. Olùkọ́ ijó tí ó bá fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé ní Àkúrẹ́ ní apá kan, ìlú tí ó ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 1976, tí ilé-ìwé pọ̀ sí, tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àṣà sì wà. Ó ní Ìkẹ́rẹ́ ní apá kejì, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti di yunifásítì. Bí ó bá gba Àkúrẹ́ kọjá sí ìwọ̀-oòrùn, yóò dé ìlú Oǹdó, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti àwọn ọdún 1960 wá. A kò lè sọ pé iṣẹ́ wọ́n ní àyíká bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ àṣà wà ní ilé-ìwé. Ìgbéyàwó wà, ìwúyè wà, ọdún ìbílẹ̀ wà. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá náà a máa ṣe ọ̀sẹ̀ tiwọn.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó ń da olùkọ́ ijó láàmú. Èkíní ni pé iṣẹ́ wọ̀nyí ní ìgbà tiwọn. Bí ìparí ọdún ilé-ìwé bá dé, àwọn mẹ́ta lè pè é ní ọjọ́ Sátidé kan náà. Bí àsìkò náà bá sì kọjá, oṣù méjì lè lọ láìsí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Èkejì ni pé a kì í lẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ògiri kí àwọn tí ó fẹ́ ẹ tó wá kọ̀wé. Ọ̀gá ilé-ìwé a kàn bi ẹni tí ó jókòó tì í pé, “Ta ni ẹ mọ̀ tí ó lè kọ́ àwọn ọmọ wa ní ijó?” Orúkọ tí ó bá jáde lẹ́nu ẹni tí a bi ni iṣẹ́ ń bá lọ. Nítorí náà, kí olùkọ́ ijó mọ iṣẹ́ nìkan kò tó. Ó ní láti jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń tètè bọ́ sí àwọn ènìyàn lẹ́nu, tí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀ kò sì ní kábàámọ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Àwọn wo gan-an ni alájọṣe rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn tí ń pè é síṣẹ́ nìkan ni: ọ̀gá ilé-ìwé, olórí àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ, ìjòyè tí ń ṣe ìwúyè, alága ìdúró àti alága ìjókòó tí ń darí ìgbéyàwó. Àwọn wọ̀nyí ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta mìíràn wà tí a máa ń gbójú fò dá.

Àwọn kìíní ni àwọn tí ó ni ijó. Ẹ wo obìtun, ayẹyẹ tí àwọn ará Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ fi ń fi hàn pé ọmọbìnrin ti bàlágà, ó tó ẹni tí í lọ sílé ọkọ. Lónìí, orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń rí ijó yìí. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní láti mọ ẹsẹ̀ tí ó jẹ́ ti obìtun fúnra rẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ti àwọn tí ó tẹ̀ lé e, kí ó mọ bí a ṣe ń to ìlẹ̀kẹ̀, kí ó sì mọ orin tí a lè kọ níbi ayẹyẹ lásán. Àwọn ìyá àgbà ni ó mọ̀ wọ́n dájú. Ẹni tí ó bá kọ́ ijó lọ́dọ̀ wọn, tí kò padà wá kí wọn, tí kò pè wọ́n kí wọ́n wá wo àwọn ọmọ tí ó kọ́, tí kò sì dárúkọ wọn níwájú àwùjọ, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ìgbà mìíràn tí ó bá lọ, wọn yóò kí i tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi nǹkan kan hàn án.

Àwọn kejì ni onílù àti aránṣọ. Gbogbo òde ni onílù ń dé. Ó ń bá alága ṣiṣẹ́, ó ń lọ sí ààfin, àwọn olórí ìjọ sì mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ni wọ́n sábà máa ń bi pé, “Ta ni ẹ mọ̀?” Bí olùkọ́ ijó bá ti jẹ ẹ́ ní gbèsè rí, kò ní bú u, yóò kàn dárúkọ ẹlòmíràn ni. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tí ó gbọ́n fi máa ń bá onílù sọ ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, owó ọkọ̀, oúnjẹ, àti ẹni tí yóò tún ìlù ṣe bí awọ bá ya, kí wọ́n tó kúrò nílé. Yóò sì san owó onílù kí ó tó yọ tirẹ̀.

Àwọn kẹta ni àwọn olùkọ́ ijó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa wò wọ́n bí abánidíje. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpè mẹ́ta bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ẹni tí ó gbé méjì fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun, nítorí kò lè jẹ́ ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó jèrè ni pé, nígbà tí iṣẹ́ bá dá, ẹni méjì wà tí yóò rántí rẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo ni irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ní: ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún kò gbọdọ̀ gba oníbàárà mọ́ ẹni tí ó gbé e fún un lọ́wọ́.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìlú kékeré nìkan ni èyí, kí ó wo ìtàn Babátúndé Ọlátúnjí. Ní Àjídò, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ni a ti bí i ní 1927. Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1950. Ó ń kó ẹgbẹ́ onílù àti oníjó jọ, ó ń lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé láti fi ìlù àti ijó ilẹ̀ wa han àwọn ọmọdé. Àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní 1960. Ní 1967, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà ní Harlem, ní New York, níbi tí a ti ń kọ́ni ní ìlù, ijó àti èdè. John Coltrane, afunfèrè olókìkí, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Ó ṣeré níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà; ní oṣù keje, Coltrane kú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni kan ṣoṣo ni Ọlátúnjí gbára lé, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ìbá parí sí.

Nígbà tí ó yá, ilé ẹ̀kọ́ náà tì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti kọ́ kò tì. Mickey Hart, onílù ẹgbẹ́ Grateful Dead, wà lára àwọn tí ìlù Ọlátúnjí ti wọ̀ létí láti ìgbà èwe. Nígbà tí Hart di ẹni ńlá, ó wá Ọlátúnjí rí, ó sì mú un wá síwájú àwọn ọmọ ìran mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì wà nínú àwo Planet Drum ti ọdún 1991, pẹ̀lú onígángan ọmọ Nàìjíríà, Síkírù Adépọ̀jù. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy. Ọlátúnjí kò dẹ́kun iṣẹ́ ìkọ́ni títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó kú ní 2003.

Ìtàn Germaine Acogny kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Ilẹ̀ Benin ni a bí i sí ní 1944; abọ̀rìṣà ọmọ Yorùbá ni ìyá bàbá rẹ̀. Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ijó tirẹ̀ ní 1968. Ní 1977, ó di olùdarí Mudra Afrique, ilé ẹ̀kọ́ ijó tí Ààrẹ Senghor àti Maurice Béjart dá sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ yìí tì ní 1982. Ṣùgbọ́n Acogny kò jẹ́ kí okùn tí ó so òun mọ́ àwọn oníjó já. Ní 1998, òun àti ọkọ rẹ̀ dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, tí àwọn oníjó láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ń lọ kẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìtàn méjèèjì, ilé tì, owó ìrànwọ́ dópin, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kù.

Kí ni ó yẹ kí olùkọ́ ijó ní Ìjù tàbí ní Oǹdó máa ṣe kí okùn tirẹ̀ má baà já? Kí ó máa yọjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tí kò sí iṣẹ́. Ẹni tí a kì í rí àfi nígbà tí ó bá ń wá owó, tí ó bá ń kanlẹ̀kùn, a máa wo iṣẹ́ ojú fèrèsé kí a tó dáhùn. Kí ó ní ìwé kan tí yóò máa kọ orúkọ ẹni tí ó pè é, ọjọ́, àdéhùn, iye tí wọ́n san, àti orúkọ ẹni tí ó júwe rẹ̀, kí ó lè padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Bí kò bá lè lọ síbi tí a pè é, kí ó tètè sọ. Ẹni tí ó kọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ń jẹ́ olóòótọ́. Ẹni tí kò yọjú ní ọjọ́ ayẹyẹ ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, ó sì ba ti ẹni tí ó júwe rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀gún kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Àjọṣe kan náà tí ń mú iṣẹ́ wá ni ó máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́ owó rẹ̀ jẹ. “Ọmọ wa ni ẹ́, bá wa ṣe é,” ni wọ́n máa ń wí. Olùkọ́ ijó ní ojútì, kò sì lè kọ̀ fún ìyá tàbí bàbá tí ó tó bí i. Ohun tí ó yẹ ni kí ó ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè fi ìtẹríba wí pé, “Mà, ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí, mo fi ta yín lọ́rẹ. Ọjọ́ mẹ́rin yòókù, iye tí mo ń gbà nìyí, nítorí àwọn onílù yóò gba tiwọn.” Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò rí ẹnikẹ́ni fín.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹ̀yin ni wọ́n ń bi pé, “Ta ni ẹ mọ̀?” Ẹ̀yin ni ẹ sì máa ń bá a dúnàádúrà. Bí ẹ bá pe olùkọ́ ijó, tí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jó, tí ẹ wá ní kí ó padà wá gba owó ní ìparí táàmù, kì í ṣe òun nìkan ni ẹ dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Òun ni afárá láàárín ìyá àgbà tí ó mọ obìtun ní Oǹdó àti ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá tí kò rí i rí. Bí ebi bá lé e kúrò nídìí iṣẹ́ náà lọ sí Èkó, ìyá àgbà náà kò ní mọ ọ̀nà ilé-ìwé yín, ọmọ náà kò sì ní mọ ọ̀nà ilé ìyá àgbà. Ẹ san owó rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣiṣẹ́, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún ilé-ìwé kejì.